Orí Tí Mo Jù Sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́

Àwa nọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án la jọ lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Ẹ̀pẹ́ lọ́dún kan, àwọn mẹ́jọ sì ti mú ara wọn ní méjì-méjì kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ̀bi mi kọ́. Ní Ìmọ̀tà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí èmi nìkan bá wá jẹ ẹ̀bà tán, ó mumi, ó fọ ẹnu, ó wá ń bi wá bóyá a ń kánjú ni. Nígbà tí mo fi dé, ẹni tí wọ́n ṣẹ́ kù fún mi kò ní apá òsì, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ọmọláńgidi rọ́bà ni.

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Yàrá pàjáwìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Ìkòròdú. Bí ọkadà bá gbá èèyàn ní ibùdókọ̀ Benson, ẹni mẹ́rin ló máa gbé e wá bá wa, méjì lọ́wọ́, méjì lẹ́sẹ̀, orí á máa fì dirodiro lẹ́yìn bí orí adìẹ tí wọ́n ń gbé rọjà. Ẹ má bú wọn, àánú ló ń ṣe wọ́n. Àmọ́ ọrùn tó ti ṣẹ́ kò mọ àánú. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀gá fi ní kí a lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ìtọ́jú ẹni tó fara pa. Ẹni tó bá yege, yàrá pàjáwìrì ló ń padà sí. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, ó di ibi tí wọ́n ti ń kọ káàdì.

Èmi kò fẹ́ kọ káàdì. Ìyá mi ti kú nígbà ọyẹ́ ọdún tó ṣáájú, n kò ní ọkọ, n kò ní ọmọ. Yàrá pàjáwìrì nìkan ni ibi tí ẹnikẹ́ni ti ń sáré pè mí.

Olùkọ́ wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ sanra jù ú lọ, kò ní ju òfin kan lọ tó ń tún sọ láràárọ̀.

“Ẹni tó bá di orí aláìsàn mú, kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Ì báà jẹ́ pé òrùlé ló ń jó. Àfi tí ẹlòmíràn bá fi ọwọ́ tirẹ̀ gba orí náà, tó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, ‘Mo ti gbà á.’”

Kò sí iṣẹ́ tó dá wà tó ìyẹn. Àwọn yòókù á máa gé aṣọ, wọ́n á máa wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà, wọ́n á máa pariwo mọ́ra wọn. Ìwọ á dúró gbagidi sí ìdí orí, iwájú orí ẹni ẹlẹ́ni nìkan lò ń wò, òun náà á máa wo ojú rẹ ní ìdoríkodò. Ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ wà láyé nígbà náà. Tèmi tilẹ̀ tún ya ọ̀tọ̀, nítorí ẹnìkejì mi kò ní ojú tó lè ṣẹ́.

“Ìyàwó, ọkọ ẹ ti ń dúró dè ẹ́ o!” Ọ̀kan nínú wọn, arábìnrin gíga kan tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ló máa ń kọ́kọ́ ké sí mi láràárọ̀.

“Ṣé ó ti jẹun?” lèmi náà á bi í.

“Ó lóun ń gbààwẹ̀.”

“Ó kúkú sàn. Ọkọ tí kì í jẹun, tí kì í rìnrìn òru, ta ló ní irú ẹ̀ nínú yín?”

Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á jáde lọ jẹun ní méjì-méjì, èmi á sì fa aṣọ bo ọkọ mi láyà, kí òtútù má bàa pa á.

Yàrá tí mo gbà kò jìnnà sí ọ̀sà. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń yan ẹja ló wà lódìkejì ògiri, ṣùgbọ́n ó ti máa ń lọ sétí omi kí n tó jí. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí mo lò ní Ẹ̀pẹ́ láìkúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Orúnkún tí wọ́n tọ́ dáadáa nílé, tí kò bá rí ẹni kí, ó máa ń dà bí ẹni pé nǹkan sọnù lára rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọjọ́ ìdánwò dé. Mo dúró sí ìdí orí tábìlì, mo fi ọwọ́ méjèèjì di orí ọmọláńgidi mú, ó dúró ṣinṣin, olùkọ́ ti ń mi orí pé ó dára. Ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Mẹ́trọ̀nì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ní kó wá dán wa wò, ló wọlé. Orí rẹ̀ ti funfun, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì díẹ̀, gẹ́lẹ́ bí ìyá mi ṣe máa ń wọ́ ọ.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi.”

Láti ìgbà ọyẹ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tíì pè mí lọ́mọ òun. N kò mọ ìgbà tí orúnkún mi kanlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ mà!”

Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí ni mo ti gbọ́ gbì! Orí ọmọláńgidi, tí ọrùn rẹ̀ ti dẹ̀ tipẹ́, já bọ́, ó yí gbirigbiri lọ dúró síwájú bàtà mẹ́trọ̀nì. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé lọ.

“Nọ́ọ̀sì,” olùkọ́ mí kanlẹ̀, “o ti pa á.”

“Màmá ni mò ń kí, sà.”

“A ó kọ ọ́ sójú oórì ẹ̀ pé ọmọlúàbí ló pa á.”

Mẹ́trọ̀nì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé orí náà, ó nu eruku ojú rẹ̀. “Kó wá tún un ṣe lọ́jọ́ Ẹtì,” ló wí.

Arábìnrin gíga nì bá mi níta. “Má sunkún jàre. Èmi náà ti fẹ́ kúnlẹ̀. Ẹnìkejì mi ló fi ìgúnpá gún mi.”

Ó rò pé òun ń tù mí nínú ni. Ó dùn mí ju ẹ̀rín wọn lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Mo di gààrí sínú ọ̀rá títí ó fi tó orí èèyàn, mo gbé e sórí tábìlì nínú yàrá mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, mo kọjú sí ilẹ̀kùn tí kò sẹ́ni tó máa gbà á wọlé.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú, orí wà lọ́wọ́ mi.”

Bí orúnkún mi bá ti fẹ́ yẹ̀, mo tún un wí. Mo wí i títí ohùn kan fi ti ẹ̀yìn ògiri dáhùn.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ lálejò ni?” Ìyá ẹlẹ́ja ni, òjò ni kò jẹ́ kó lọ sétí omi.

“Rárá o, mà.”

“Ta lẹ wá ń kí láti àárọ̀?”

Mo ní, “Gààrí ni, mà.”

“Ó dáa. Ẹ bá mi kí i.”

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, òjò ṣì ń rọ̀. Mo wá ọmọláńgidi nínú kíláàsì, n kò rí i. Mẹ́trọ̀nì bọ́ bàtà rẹ̀, ó gun orí tábìlì, ó sùn gbalaja.

“Èmi ni ọkadà gbá. Di orí mi mú.”

Orí àgbàlagbà! Ta ni wọ́n kọ́ láti gbé ọwọ́ lé e? Mo gbé ọwọ́ lé e. Irun rẹ̀ rọ̀, ó ń rùn bí àdí tí ìyá mi máa ń fi para. Ìgbà tó kẹ́yìn tí mo di irú orí bẹ́ẹ̀ mú, mò ń fi omi sí ìyá mi lẹ́nu ni, kò sì gbé e mì.

“O ò kí mi láti àárọ̀,” ni ó wí, ó ranjú mọ́ mi láti ìsàlẹ̀.

Mo di orí náà mú ṣinṣin.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú, orí yín wà lọ́wọ́ mi.”

Ó pajú dé. Àwọn yòókù gé aṣọ, wọ́n so okùn, wọ́n pariwo. Èmi àti òun nìkan ló wà níbẹ̀.

“Ó ti tó,” olùkọ́ wí. “Fi wọ́n sílẹ̀.”

N kò fi wọ́n sílẹ̀.

“Mo ní ó ti tó!”

“Sà, ẹ ò tíì gbà á.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mẹ́trọ̀nì kò lajú. “Má fi mí sílẹ̀ o,” ni ó rọra wí.

Olùkọ́ wá, ó fi ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ tèmi. “Mo ti gbà á.”

Ìgbà yẹn ni mo tó yọ ọwọ́. Mo yí lọ síwájú tábìlì, mo dúró kí mẹ́trọ̀nì dìde jókòó, mo wá fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ mà.”

“Ọ̀sán ti pọ́n, ọmọ mi.”

“Mo mọ̀, mà.”

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀. “Omi kán sí mi níhìn-ín.”

“Òógùn ni, mà.”

Ó wo òjò tó ń dà gbàrà lójú fèrèsé. “Òtítọ́ ni. Ooru mú.” Ó sì fọwọ́ sí ìwé mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo padà sí Ìkòròdú. Tó bá di ọjọ́ Ajé, yàrá pàjáwìrì ń dúró dè mí. Mo ṣílẹ̀kùn yàrá mi, òórùn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ lù mí nímú. Mo gbé àpò kalẹ̀. Àga tí ìyá mi máa ń jókòó sí ṣì wà níbi tó wà. Ọwọ́ mi ò di nǹkan kan mú, kò sì sẹ́ni tó ń wò mí, ni mo bá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo kí i pé mo ti dé, kí n tó lọ ṣí fèrèsé.