Owó Tí Kì í Ṣe Tiwa

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ìyá wa ti ń lọ sí Mẹ́kà. Wọn ò kúrò ní Agége o. Ẹnu ni wọ́n fi ń lọ. Bí wọ́n bá ra bàtà tó rọ̀ lẹ́sẹ̀, wọ́n á ní ti Mẹ́kà ni. Bí wọ́n bá ń rìn yí ilé po láàárọ̀, wọ́n ń fi kọ́ ẹsẹ̀ ni, nítorí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní àsàlátù ti sọ fún wọn pé ìrìn tó wà lọ́hùn-ún kì í ṣe kékeré. Nígbà tí bàbá wa wà láyé, owó ilé ìwé wa ló ń gba iwájú. Nígbà tí wọ́n kú, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nítorí àwa méjì péré ni wọ́n bí. Ẹ̀gbọ́n mi ń ta aṣọ ọmọdé ní Abúlé Ẹ̀gbá. Èmi ń bójú tó ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá, ní apá Ọgbà.

Àìlówó nìkan kọ́ ló ń dà wá láàmú. Bí a bá kó owó jọ, tí a rò pé ó kù díẹ̀, náírà á tún já wálẹ̀, owó Hájì á sì fò sókè kọjá ibi tí ọwọ́ wa tó. Bí ọdún ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni orúnkún ìyá wa ń dùn wọ́n sí i. Wọ́n ti ń di ògiri mú kí wọ́n tó lè dìde lórí ẹní ìkírun. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Owó lè dúró de èèyàn, orúnkún kì í dúró. Bí wọn ò bá tètè lọ, wọn ò ní lè lọ mọ́, bí a tilẹ̀ he owó náà lójú títì.

Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wa ní ilé iṣẹ́ ti ń sọ owó wọn di dọ́là orí fóònù, irú kírípítò tí iye rẹ̀ kì í yàtọ̀ sí ti dọ́là. Èmi kì í ṣe ẹni tí ń sáré tẹ̀lé ẹni tó bá ń sáré, nítorí náà mo fara balẹ̀ kọ́ ọ kí n tó kó owó wa síbẹ̀. Mo ní wọ́lẹ́ẹ̀tì tara mi, ìyẹn àpò owó orí fóònù, tí ẹnikẹ́ni ò lè tì mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ méjìlá ni wọ́n fi ń ṣí irú wọ́lẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n ló ni owó. Mo fi tèmi pamọ́ débi pé ìyàwó mi gan-an ò mọ ibi tó wà. Mo ń sọ èyí nítorí pé títí di òní, ohun tí gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, “Àbí o fún ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ méjìlá yẹn ni?” N ò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí mọ́.

Bí ọjà bá ti tà, ẹ̀gbọ́n mi á fi owó ránṣẹ́. Bí oṣù bá parí, èmi náà á fi tèmi kún un, màá sì sọ gbogbo rẹ̀ di dọ́là. Fún ìgbà àkọ́kọ́, owó Hájì ò sá mọ́ wa lọ́wọ́. Bí mo bá lọ kí ìyá wa lọ́jọ́ Àìkú, mo máa ń gbé fóònù fún wọn kí wọ́n wò ó. Wọ́n á fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀ bí ẹni ń nu àwo, wọ́n á wò ó títí, wọ́n á ní, “Owó tí kò ṣeé kà lọ́wọ́ yìí náà, Ọlọ́run á bù sí i.”

Lọ́jọ́ Àìkú kan, a bá nǹkan mìíràn lábẹ́ dọ́là wa. Owó tí n kò rà ni, n kò sì mọ orúkọ rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ju gbogbo ohun tí a ti kó jọ lọ. Mo mọ ohun tó jẹ́. Àwọn oníjìbìtì máa ń fọ́n irú rẹ̀ sínú wọ́lẹ́ẹ̀tì ẹni ẹlẹ́ni bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fún adìẹ. Ẹni tó bá sáré lọ tà á ni pańpẹ́ wọn á mú. Ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe ni kó má fọwọ́ kàn án, èmi náà ò sì ní in lọ́kàn láti fọwọ́ kàn án. Mo kàn fẹ́ fi ìyá mi ṣeré ni. Mo ní, “Ìyá, ẹ wò ó, ẹnì kan ti sọ yín di olówó.”

Ìyá wa ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ta ni?”

“N ò mọ̀, mà.”

“O ò mọ̀ ọ́n, owó ẹ̀ wá wà nínú owó Mẹ́kà mi?”

Mo ṣàlàyé pé kò dà pọ̀ mọ́ tiwa, pé ọ̀tọ̀ ni tibí, ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún. Wọ́n ní ṣebí inú àpò kan náà ni wọ́n wà. “A kì í bu omi tí a ò mọ ibi tó ti ṣàn wá sínú omi àlùwàlá. Wá olówó, kó o dá a padà fún un.”

Ẹni tí kò bá mọ ìyá wa lè rò pé àṣejù ni. Nígbà tí a wà ní kékeré, àgbò kan ṣìnà wọ ọgbà wa nígbà tí Iléyá ti sún mọ́lé. Lọ́dún náà, bàbá wa ò ní owó àgbò. Àwọn aládùúgbò ní Ọlọ́run ló fi jíǹkí wa, wọ́n ní kí a so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé kí a dákẹ́. Ìyá wa so ó mọ́ iwájú ilé, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá á ti rí i. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìlú wa, Ògbómọ̀ṣọ́, nìyẹn: ohun tó bá ṣìnà wá, iwájú ilé là ń so ó mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n kéde rẹ̀ ní mọ́sáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n sì ń fi owó ara wọn ra èèpo ẹ̀gẹ́ fún un títí olówó rẹ̀ fi wá láti òdìkejì ojú irin. A ò pa àgbò lọ́dún náà. Ẹran tí àwọn ará ilé kejì bù fún wa la jẹ.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí n dá owó náà padà, mo mọ̀ pé kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan dán an wò, mo ń yẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n àkókò ìforúkọsílẹ̀ ti dé. Ìyá wa ní àwọn ò ní fi owó tó ní àjèjì nínú forúkọ sílẹ̀. Bí mi ò bá lè dá a padà, kí a fi lílọ náà sílẹ̀. Mo lè purọ́. Ó ṣeé ṣe láti fi irú owó bẹ́ẹ̀ pamọ́ kúrò lójú fóònù, kí wọ́n rò pé ó ti lọ. Ojú tì mí láti purọ́ lórí ọ̀rọ̀ Mẹ́kà.

Ọ̀sán ni mo dá a padà, lẹ́yìn tí a jẹun tán níbi iṣẹ́. Mo jókòó sórí àwọn àpò ike tí a kò tíì yọ́, lẹ́yìn ẹ̀rọ. Orúkọ owó àjèjì náà jẹ́ àdírẹ́sì ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí i. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ó bá jẹ́ pé àṣìṣe ló gbé owó yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ, tẹ ibí láti dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ń dẹkùn fún ẹni tó bá fẹ́ tà á. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ẹnì kan á jókòó, á ronú, á sì dẹkùn fún ẹni tó fẹ́ dá a padà. Mélòó ni irú wa láyé tí wọ́n fi ń ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀ lórí wa?

Mo tẹ̀ ẹ́. Fóònù ní kí n fọwọ́ sí i, mo fọwọ́ sí i.

Ohun tí mo fọwọ́ sí kì í ṣe ìdápadà. Irú owó yìí ní àdéhùn tí wọ́n máa ń kọ fún ẹ̀rọ, tó ń mú ara rẹ̀ ṣẹ láìsí lọ́yà, láìsí ẹlẹ́rìí. Èyí tí mo fọwọ́ sí sọ pé mo yọ̀ǹda kí àdéhùn náà kó dọ́là mi, iye tó bá wù ú, nígbà tó bá wù ú. Ó wù ú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí n tó nu ọwọ́ mi tán, dọ́là wa ti di òfo. Owó àjèjì náà ṣì wà níbẹ̀, kò mira.

Mo dìde, mo padà sídìí ẹ̀rọ. Ọ̀rá ń jáde, mo ń fọwọ́ kàn án wò bóyá ó nípọn tó. Iṣẹ́ ọjọ́ náà dára, kò sí èyí tí a dà nù. Inú bí mi sí àwọn olè náà, inú bí mi sí ara mi, inú sì bí mi díẹ̀ sí ìyá mi. Ti ìyá mi yìí ló wá ń dùn mí jù.

Olè yìí ò tilẹ̀ fara pamọ́. Lórí irú owó bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé ló lè rí ibi tí owó bá gbà, nítorí náà mo ń rí dọ́là wa níbi tí wọ́n kó o sí. Mo ń lọ wò ó lójoojúmọ́ bí ẹni ń bẹ aláìsàn wò. Ó jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà ó lọ. Mo mọ ilé olè, n kò mọ olè. Ọlọ́pàá wo ni màá sọ ìyẹn fún?

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Abúlé Ẹ̀gbá. Wọ́n ń ká aṣọ nígbà tí mo ń sọ ọ́. Wọn ò dáwọ́ dúró títí mo fi parí.

“Ta ló rán ẹ ní iṣẹ́ ìdápadà?”

Mo mú aṣọ kan, mo bá wọn ń ká a.

“Mo ní ta ló rán ẹ?”

“Ìyá ni, Àǹtí.”

Oníbàárà kan wọlé, ó béèrè iye aṣọ ìkókó kan. Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn wẹ́rẹ́, wọ́n ná an, wọ́n tà á, wọ́n fi ọ̀rá dì í fún un, wọ́n sì kí i pé ó kú ewu ọmọ. Nígbà tó jáde tán ni wọ́n jókòó sórí àpótí tí wọ́n sunkún. Èmi náà jókòó tì wọ́n. Wọ́n nu ojú wọn, wọ́n ní, “Ìyá ò gbọdọ̀ gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló fà á. Tí wọ́n bá gbọ́, ìyẹn á pa wọ́n ju àìlọ náà lọ. Ká sọ pé olè ló kó o.” Irọ́ kọ́ ni, olè náà ló kó o. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Àwa náà ra tiwa ní Abúlé Ẹ̀gbá lọ́jọ́ náà.

A bá ìyá wa lórí ẹní, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ìrọ̀lẹ́ tán. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti kó owó náà.

Ìyá wa béèrè pé, “Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀, mà.”

Wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra orúnkún wọn. Mo rò pé wọ́n máa sunkún, mo sì ti ń wá ohun tí màá sọ. Wọ́n wá yíjú sí mi.

“Owó àjèjì yẹn ńkọ́? Ṣé o ti dá a padà kí olè tó dé?”

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ilẹ̀.

Mo ní, “Mo ti dá a padà, mà.”

“Àlùhámídùlílàhì!” Ojú wọn tú ká, mo rí i. “Tí o ò bá dá a padà ni, ǹ bá sọ pé òun ló fà á. Ǹ bá máa bá ara mi jà lórí ẹ̀ títí tí n ó fi kú.”

Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ṣàdúrà fún mi, pé Ọlọ́run á fún èmi náà ní ọmọ tó máa ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu bí mo ṣe ń gbọ́ tiwọn. Mo ní àmín. Ẹ̀gbọ́n mi náà ní àmín.