Mo Pa Oògùn Mi Tì Kí N Lè Sunkún

Ẹ fún mi ní ìjókòó díẹ̀ láàárín yín lónìí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí fún yín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ jẹun tán ná.

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ilé ìwé, tí ẹ wà lójú ewé ayélujára yìí, mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn kí ènìyàn máa bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti àárín. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n mú un láti orí.

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, nǹkan dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò lè sùn, mi ò lè jẹun. Mo lè jókòó sí etí ibùsùn láti àárọ̀ títí wọ́n á fi pe ìrun Alásàrí, kóòmù á wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì ní tíì ya irun. Àwọn ènìyàn ní ìrònú ni. Wọ́n ní kí n máa jáde. Jáde lọ síbo? Nígbà tó yá, mo lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ó ṣàlàyé fún mi pé àìsàn ni, pé ó sì ní orúkọ: dìpírẹ́ṣọ̀n, ohun tí àwa ń pè ní ìsoríkọ́. Ó kọ oògùn kan fún mi, hóró kan ní àràárọ̀.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìròyìn yìí tán kó lọ da oògùn tirẹ̀ sínú ṣáláńgá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú mi ń rú, ẹnu mi ń gbẹ, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n bí mo bá di ife tíì mú. Dókítà ní ó máa mọ́ mi lára, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Oorun padà. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin àwọn òdòdó mi lẹ́yìnkùlé.

Ohun kan péré ni mi ò tètè fura sí. Omijé mi gbẹ. Kì í ṣe pé inú mi ń dùn o! Inú mi kò dùn, kò sì bàjẹ́. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ tó nípọn wé ọkàn mi: mo ń gbọ́ ohun gbogbo, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń kàn mí lára. Mi ò sọ fún dókítà. Ẹni tó ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, ṣé ó tún máa wá fẹjọ́ sùn pé òun kò rí ẹkún sun mọ́? Mo rò pé ìwòsàn náà nìyẹn.

Mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí pé mo ń lo oògùn kankan. Ẹ mọ ìlú wa. Ẹ ní oògùn ọkàn, wèrè ni wọ́n máa gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Alhájà Sìkírátù, àwọn ló tọ́ mi dàgbà. Mo kéré nígbà tí ìyá wa kú. Àwọn ló pọ̀n mí, àwọn ló ta gàrí títí mo fi di tíṣà. Ìbefun ni wọ́n ń gbé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ wọn, Kúdí, tó ń ránṣọ ní Ìjagun, pè mí lórí fóònù, kò sì lè sọ̀rọ̀. Mo ní, "Kúdí, ìyá rẹ ńkọ́?" Igbe tó fi ta ni mo fi mọ̀.

Àwa Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́. Kí ọ̀sán tó pọ́n dáadáa, a ti wẹ òkú, a ti kírun sí wọn lára. Mo dúró, mo rí i bí àwọn ọkùnrin ṣe gbé ẹ̀gbọ́n mi kọjá nínú aṣọ funfun. Mo sọ fún ara mi pé, ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn o, sunkún! Kò sí nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn tó gbé wọn ni mo ń wò. Sálúbàtà tó wọ̀ kò bára mu, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa rẹ́súrẹ́sú. Ohun tí mo ń wò nìyẹn nígbà tí wọ́n ń gbé ẹni tó tọ́ mi lọ sí sàréè!

Lóòótọ́, àáfà ti kìlọ̀ pé kí a má ké, pé àdúrà ni òkú nílò. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin obìnrin ilé, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: etí ń gbọ́ wáàsí, ojú ń ṣọ́ ojú. Ta ló sunkún? Ta ni kò sun? Ìyá Mufú, ìyàwó ilé wa kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹni tó jókòó tì í.

Ó ní, "Ojú Tíṣà mà gbẹ o. Àbí ìwé ló fa omi ibẹ̀ mu ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín sínú ìborùn wọn. Ẹnì kan wá fi ohùn kékeré sọ pé, bóyá Tíṣà mọ ohun tí ẹ̀yin kò mọ̀ nípa ikú náà ni. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dúró síbi tí wọ́n bá sọ ọ́ sí, ẹ̀yin náà mọ̀.

Mo lè fara da Ìyá Mufú. Kúdí ni mi ò lè fara dà. Kò ní bàbá mọ́, kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. Èmi nìkan ló kù fún un láyé. Bí a ṣe ń fọ ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó béèrè láìwo ojú mi bóyá mo bá ìyá òun jà kí wọ́n tó kú ni. Mo ní rárá.

"Ẹ ò sunkún wọn, Àǹtí."

Mo ní kálukú ló ní bó ṣe ń ṣọ̀fọ̀.

"Ìwé lẹ ń kà sí mi létí yẹn." Ó gbé ìkòkò náà, ó jáde.

Àdúrà fídáù ọjọ́ kẹjọ dé, ojú mi tún gbẹ bí ilẹ̀ ọ̀dá. Kúdí kò jókòó tì mí. Apá ọ̀hún ló jókòó sí, ó ń wò mí bí ẹni ń wo àlejò tí kò mọ ohun tó wá ṣe.

Nígbà tí mo padà sílé, mo rò ó bí ẹni ń ṣe ìṣirò. Oògùn ni kò jẹ́ kí n sunkún. Bí mo bá yọ oògùn kúrò, ẹkún ló máa kù. Àdúrà ogójì ọjọ́ ṣì wà níwájú. Mo kó páálí oògùn náà sí abẹ́ àwọn aṣọ mi nínú àpótí, mo sì tì í pa. Mi ò bi dókítà léèrè. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ rí i bí orí ṣe lè pé tó lójú ẹni tó ń ṣìnà?

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí nǹkan kan. Mo ń yin ara mi. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ohun kan sì bẹ̀rẹ̀ nínú orí mi tí mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe rẹ̀ ju báyìí lọ: bí ìgbà tí ìka tó tutù bá kan wáyà iná. Fìn-ín! Mo yí ojú sí ọ̀tún, fìn-ín! Mo yí i sí òsì, fìn-ín! Òógùn ń bò mí, òtútù sì ń mú mi. Àlá tí mò ń lá, mi ò lè sọ ọ́ fún ọmọlúàbí. Mo jágbe mọ́ ọlọ́kadà kan ládùúgbò nítorí pé ó kí mi. Ó kàn kí mi ni o! Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà," ó sì wà á lọ.

Ẹkún sì dé. Ó dé lóòótọ́! Ó dé nínú kẹ̀kẹ́, nígbà tí rédíò ń polówó ọṣẹ. Ìpolówó ọṣẹ! Ó dé nígbà tí mo rí ata tó ti rà nínú abọ́. Ó tún dé nígbà tí kò sí ohunkóhun rárá. Bí ó bá ti ń gbọ̀n mí, mo máa ń sáré ronú kan ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹkún náà lè jẹ́ tiwọn. Ojú wọn kò wá. Ẹkún tí kò ní ẹni tó ni ín ni.

Àdúrà ogójì ọjọ́ pé. Àáfà kò tíì parí ẹsẹ àkọ́kọ́ nígbà tí ẹkún gbé mi ṣubú sórí ẹní. Mi ò lè dá a dúró. Àwọn obìnrin sáré bò mí, wọ́n ń nu ojú mi. Ìyá Mufú gan-an ló gbá mi mọ́ra jù.

Ó ní, "Ẹ sun ún, Tíṣà! Ẹ sun ún jáde! A ò mọ̀ pé inú lẹ ń fi sun ún láti ọjọ́ yìí."

Kúdí kúnlẹ̀ tì mí, ó gbé orí lé èjìká mi. "Àǹtí mi, ẹ dárí jì mí."

Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, àbí? Mo rí i gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí orí ọmọ náà wà lórí èjìká mi, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ara mi ju fìn-ín, fìn-ín yẹn lọ.

Àwọn ènìyàn jẹun, wọ́n túká. Ẹkún kò túká. Mo bá a dé ilé, mo bá a jí. Mi ò lè kírun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn ràn dáadáa, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn fẹ́ńsì, èrò kan sì wọlé tọ̀ mí wá tí mi ò ní kọ síbí. Ẹni tó ti rí i rí mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò tíì rí i, kí Ọlọ́run má fi hàn án. Kò pariwo. Ó kàn ń fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún mi pé ó tó gẹ́ẹ́.

Kúdí ló wọlé. Ó gbé ẹ̀wà àti dòdò wá fún mi láti Ìjagun láìsọ tẹ́lẹ̀, nítorí pé inú rẹ̀ ti rọ̀ sí mi láti ọjọ́ àdúrà yẹn. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi: ẹkún tí kì í ṣe òtítọ́ ló mú un wá. Ó bá mi nílẹ̀ ilé ìdáná. Ó gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó wọ bàtà fún mi, ó pe kẹ̀kẹ́, mo sì dárúkọ ilé ìwòsàn mi fún ọlọ́kọ̀.

Dókítà wo ojú mi díẹ̀. "Mọ́mì, ìgbà wo lẹ ti dá oògùn yín dúró?"

Kúdí yí ojú sí mi. "Oògùn wo?"

Dókítà fẹ́ kó bọ́ síta. Mo ní kó jẹ́ kó jókòó, ó tó kó gbọ́. Dókítà wá ṣàlàyé pé a kì í dá irú oògùn bẹ́ẹ̀ dúró lójijì, nítorí ọpọlọ ti mọ́ ọn lára. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, pẹ̀lú ojú dókítà níbẹ̀. Ó ní gbígbẹ ojú mi náà, oògùn yẹn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn mìíràn, pé ká ní mo sọ ni, òun ì bá ti dín in kù tàbí kí òun pààrọ̀ rẹ̀. Ká ní mo sọ! Mo sọ èrò ọ̀sán yẹn fún un pẹ̀lú, Kúdí sì gbọ́ ọ. Dókítà dá mi padà sórí oògùn. Ó ní a óò dúró kí ara balẹ̀ ná kí a tó sọ̀rọ̀ dídín in kù, àti pé mi ò gbọdọ̀ dá sùn nílé ní àkókò yìí.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Kúdí di ọwọ́ mi mú.

"Àǹtí, ẹkún ọjọ́ àdúrà Màámi yẹn ńkọ́? Tiwọn ni, àbí ti oògùn?"

Mo lè purọ́. Irọ́ tó dùn ni, Kúdí sì ń dúró dè é. Mo rí i lójú rẹ̀.

Mo ní, "Ti oògùn ni, ọmọ mi. Mo wá ìyá rẹ nínú rẹ̀, mi ò rí wọn."

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi. Ó tún ìborùn rẹ̀ wé. Ó ní, "Ẹ dìde, ká lọ gba oògùn yín."

Ọ̀pọ̀ oṣù ti kọjá. Dókítà ti ń dín oògùn náà kù, ní ìwọ̀nba, ní sùúrù. Bí a bá ti dín in, orí mi á tún ta fìn-ín fún ìgbà díẹ̀, yóò sì lọ. Èrò ọ̀sán yẹn kò tíì padà. Kúdí kó wá sọ́dọ̀ mi láti ìgbà náà. Ó ń dúró tì mí ní àràárọ̀ títí n ó fi gbé oògùn mì. Ṣùgbọ́n kì í dárúkọ ìyá rẹ̀ létí mi mọ́.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ? Ẹni tó bá ń lo irú oògùn yìí, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ nítorí ààwẹ̀, nítorí àdúrà tàbí nítorí ẹnu ayé. Ohun tí oògùn bá ń ṣe fún un, bó ti wù kó kéré, kó sọ ọ́. Kí ẹnì kan ṣoṣo sì mọ̀ nínú ilé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka omijé níbi òkú, mo fi ìfẹ́ bá yín wí: ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́. Ẹ ò mọ ohun tó mú un gbẹ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹni tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ kí àwọn mìíràn lè kọ́gbọ́n. Ẹni tí ojú bá ń tì, kó kọ ọ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n bí èrò ọ̀sán yẹn bá wà lọ́dọ̀ rẹ nísinsìnyí, má jókòó kọ nǹkan kan. Dìde, lọ bá ẹni tó wà nítòsí rẹ, kí ẹ jọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Kúdí máa ń ka ojú ewé yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sọ fún mi. Kúdí, tí o bá ka ibi yìí: mi ò tíì sunkún ìyá rẹ. Ọjọ́ tó bá dé, ìwọ ni mo máa kọ́kọ́ pè.