Ọdún Mọ́kànlá Lóko Bàbá Mi

Òórùn bisikíìtì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Bí wọ́n bá ṣí ààrò ní ilé iṣẹ́ ńlá kan báyìí láàárín Ìkẹjà sí Agége, òórùn bọ́tà àti súgà tó fẹ́ jóná á gba gbogbo àdúgbò, á wọ inú aṣọ téèyàn sá sórí okùn. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀. Ní tèmi, bí mo bá ti gbọ́ òórùn yẹn, inú mi á korò, mi ò sì ní purọ́ fún ọ pé ó ti tán.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe iṣẹ́ ọmọ ogun, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní òkè Ọya, níbi tí ogun wà. Ìwọ náà mọ̀ pé bí wọ́n bá ti pe èèyàn ní ṣọ́jà, ìbọn nìkan ni aráàlú ń rí. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ yìnbọn. Sítọ́ọ̀ ni wọ́n fi mí sí: bàtà, bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìrẹsì, epo ọkọ̀, ọwọ́ mi ni gbogbo rẹ̀ ń gbà jáde. Bí ọ̀rinrin bá ti wọ àpò ìrẹsì kan, láti ẹnu ọ̀nà ni imú mi ti máa sọ fún mi. Ohun kan kò sọnù lọ́wọ́ mi rí. Ṣọ́jà kan wà, kọ́púrà ni, ọmọ Èkìtì, tó máa ń wá bá mi jókòó lórí àpò ìrẹsì lọ́sàn-án, tí yóò máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ṣahun ju ìyàwó ilé lọ. Ọjọ́ tó gba bàtà tuntun lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí kó tó buwọ́ lùwé. Ọjọ́ kejì ni òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde lọ sójú ogun. Kò padà wá.

Nígbà tí mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ogun, mo gbọ́ pé ilé iṣẹ́ bisikíìtì náà ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó sítọ́ọ̀ wọn. Mo sọ fún ìyàwó mi pé iṣẹ́ mi ti dé. Òun nìkan ló ti ń gbé bùkátà ilé láti ìgbà tí mo ti padà, kò sì sọ̀rọ̀ burúkú sí mi rí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Mo lọ bá obìnrin kan tó ń báni tẹ CV ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí ọjà Agége. Ó ka ohun tí mo fọwọ́ kọ, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ ká yọ ṣọ́jà yìí kúrò," ló wí. "Wọ́n á ní ẹ máa na àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Mo ti tẹ ti ṣọ́jà mẹ́ta lọ́dún yìí, wọn ò pe ìkankan. Ẹ ní ẹ wà lóko bàbá yín. Àgbẹ̀ ò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni."

Ó yẹ kí n kọ̀. Bàbá mi ò tiẹ̀ ní oko. Bíríkìlà ni wọ́n, Agége níbí ni wọ́n ti lo ayé wọn. Ṣùgbọ́n mo ronú kan ìyàwó mi, mo ní kó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò lé e bá. Tèmi ò tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Wọ́n pè mí. Máníjà tó gbà mí lálejò jẹ́ obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájú. Ó mú mi wọ sítọ́ọ̀, ó ní kí n sọ ohun tí mo bá rí. Ara mi yá gágá. Mo ní àwọn àpò fúláwà yẹn ti sún mọ́ ògiri jù, ọ̀rinrin á wọ̀ wọ́n. Mo ní èyí tó kọ́kọ́ dé ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde. Mo ní ẹni tó ń gba ẹrù wọlé kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń kó o síta. Mò ń sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni tó padà délé, àfi ìgbà tí mo yíjú tí mo rí bó ṣe ń wò mí.

"Oko bàbá yín lẹ ti kọ́ gbogbo èyí?"

Mo yíjú padà sí àwọn àpò fúláwà yẹn.

"Ẹ má bínú o," ló wí. "Ẹ ti ṣiṣẹ́ sítọ́ọ̀ rí, ẹ sì fi pa mọ́. Ó jọ pé olè jíjà ni wọ́n tìtorí ẹ̀ lé yín níbi tẹ́ ẹ ti ṣe é."

Olè. Èmi. Mo tú báàgì mi, mo mú ìwé tí wọ́n fi dá mi sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ọmọ ogun jáde. Ó kà á, ó tún un kà. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó gbà mí gbọ́, mo sì ti ń dúpẹ́ lọ́kàn mi.

"Ká ní ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ ni, iṣẹ́ yìí ì bá jẹ́ tiyín," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ṣùgbọ́n mi ò lè fi kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ lé ẹni tó ti purọ́ fún mi lọ́wọ́. Àyè kan ṣì wà ní géètì. Àwọn ṣọ́jà máa ń dáa ní géètì."

Mo gbà á. Ó di ọdún kẹta báyìí tí mo ti ń ṣí géètì fún tírélà fúláwà tó yẹ kí n máa gbà wọlé. Mo bínú sí máníjà yẹn, mo bínú sí obìnrin tó ń tẹ CV, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àánú mi ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ara mi ni mo bínú sí jù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo jókòó sí géètì, ọ̀rẹ́ mi kọ́púrà wá sí mi lọ́kàn, pẹ̀lú bó ṣe ń tẹ bàtà tuntun yẹn mọ́lẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Mo wá bi ara mi pé, bí mo bá wà lóko bàbá mi fún ọdún mọ́kànlá, níbo lòun wá kú sí?

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin yẹn, mo ní kó tún un tẹ̀. Iṣẹ́ ọmọ ogun ló wà lókè pátápátá báyìí, ọdún mọ́kànlá, alábòójútó sítọ́ọ̀. Ó mi orí, ó sì tẹ̀ ẹ́. Mo ti mú un lọ sí ilé iṣẹ́ mẹ́fà láti Ọ̀gbà dé Ìkẹjà. Kò tíì sí ẹni tó pè mí, mi ò sì ní yọ ṣọ́jà yẹn kúrò.