Nọ́ńbà Tó Wà Lára Ògiri

Òórùn íǹkì gbígbóná ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí bí wọ́n bá dárúkọ Agbowó, àdúgbò wa tó kún fún akẹ́kọ̀ọ́. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì mi kò ju yàrá kan lọ: ẹ̀rọ méjì, bẹ́ǹṣì kan, àti nọ́ńbà fóònù mi tí mo fi ọ̀dà pupa kọ gàdàgbà sára ògiri ìta kí oníbàárà má baà ṣìnà. Mo tún ní ilé mìíràn tí kò ní ògiri, ọ̀rẹ́ mi. Mo háyà àyè lórí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan, mo sì dá ìkànnì kékeré orí íńtánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àdúgbò, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tí yóò sì máa bá àwọn ìkànnì bíi tirẹ̀ sọ̀rọ̀ káàkiri ayé. Èmi ni baálé ibẹ̀, mo sì ń gbádùn oyè náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tí wọ́n ń sọ jù níbẹ̀ ni ibi tí èèyàn ti lè rí ìwé àti fíìmù lọ́fẹ̀ẹ́. N kò rí nǹkan kan tó burú nínú rẹ̀. Ní Agbowó wa, ẹnì kan ní ń ra ìwé, gbogbo kíláàsì á sì wá ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀. Ọwọ́ mi yìí náà ló ń tẹ ẹ̀rọ. Mo ní ọ̀rọ̀ lásán ni, ọ̀rọ̀ kì í sì í ṣe ẹrù olè. Síbẹ̀, n kò kọ orúkọ mi tàbí nọ́ńbà mi sí ìkànnì náà. Mo rò pé ọgbọ́n ni.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó háyà àyè fún mi. Lọ́yà òǹkọ̀wé kan ti kọ̀wé sí wọn pé odindi ìwé oníbàárà òun wà lórí ìkànnì mi. Bí n kò bá dáhùn láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á ti ìkànnì náà pa, wọ́n á sì fi orúkọ mi lé lọ́yà lọ́wọ́ kó gbé mi lọ sílé ẹjọ́. N kò gbé ìwé kankan síbẹ̀. Ìgbà tí mo wá a títí ni mo rí i pé ẹnì kan ló ya àwòrán gbogbo ojú ìwé náà sórí ìkànnì mìíràn lókèèrè, tí ìkànnì tèmi sì ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́ fúnra rẹ̀, bí irú àwọn ìkànnì bẹ́ẹ̀ ti máa ń ṣe. Èmi tí mo ní ọ̀rọ̀ lásán ni, ẹrù ti wà lábẹ́ ibùsùn mi.

Màmá lọ́yà kan máa ń wá ṣe fọ́tókọ́pì ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo gbé lẹ́tà náà fún wọn. Wọ́n kà á tán, wọ́n wò mí lókè awò ojú wọn.

“Ṣó o ti yọ ọ́?”

“Rárá, mà. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá yọ ọ́, á dà bí ẹni pé mo jẹ́wọ́.”

“Yọ ọ́ lónìí. Òfin mọ̀ pé èèyàn lè má mọ ohun tí àlejò gbé wọlé. Tí wọ́n bá sọ fún ẹ tó o dákẹ́, ìgbà yẹn ló di tìẹ.” Wọ́n nawọ́ sí ògiri ìta. “O kọ nọ́ńbà síbí. Ti ìkànnì ọ̀hún ńkọ́? Ibo lo fẹ́ kí wọ́n ti kanlẹ̀kùn?”

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Mo yọ ìwé náà, mo kọ̀wé sí lọ́yà òǹkọ̀wé náà, mo sì fi orúkọ àti nọ́ńbà mi sí i. Lọ́jọ́ kejì, fóònù mi dún. Òǹkọ̀wé náà fúnra wọn ni, bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì.

“Ọmọ mi, ó pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀. Ká ní mo rí ẹ ni, n kì bá ti lọ bá lọ́yà. Ó ti tán.”

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ara mi fúyẹ́ débi pé mo ń rẹ́rìn-ín níwájú àwọn oníbàárà, n kò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Ìkànnì náà ṣì wà títí dòní. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ẹrù wọlé, a óò gbé ẹrù náà jáde. Orúkọ mi àti nọ́ńbà mi ló wà lókè pátápátá. Ìfarapamọ́ tí mo pè ní ààbò ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi dé ilé ẹjọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì gbé odindi ìwé wá sí ṣọ́ọ̀bù báyìí, orí kan péré ni mo máa ń ṣe fún un, mo sì ń júwe ibi tí wọ́n ti ń tà á. Inú máa ń bí wọn. Nọ́ńbà mi wà lára ògiri. Ẹni tí inú bá ń bí, kó pè mí.