Àpótí Tí Ẹ-Wò-Ó Ṣe fún Màmá

Kò sẹ́ni tó ń pe ẹ̀gbọ́n mi tó ń tún rédíò ṣe lórúkọ mọ́ ládùúgbò wa. Ẹ-Wò-Ó ni tọmọdé tàgbà ń pè é, òun náà ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Tó bá tún nǹkan ẹ ṣe tán, ìbáà jẹ́ rédíò, ìbáà jẹ́ fáànù tàbí áyọ́ọ̀nù, kò ní dè é. Yóò gbé e ka orí tábìlì pẹ̀lú gbogbo ìfun rẹ̀ níta, yóò ní, "Ẹ wò ó kí n tó dè é." Èyí ló jóná, èyí lòun fi rọ́pò rẹ̀, wáyà yìí ló ń gbé iná lọ sọ́hùn-ún. Ìwọ tó jẹ́ pé áyọ́ọ̀nù lásán lo fẹ́ gbà kó o máa bá tìẹ lọ, wàá dúró kẹ́kọ̀ọ́ tipátipá. Ilé ìfọṣọ ni mo ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàrin. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbọ́ "ẹ wò ó" yẹn, ó ti sú mi ju aṣọ mẹkáníìkì lọ.

Èmi ni àbíkẹ́yìn ìyá wa. Ata ni wọ́n ń pè mí nílé, torí ẹnu mi, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó dárí jì mí.

Màmá wa ń gbé nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ mi. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nídìí pátákó tẹlifóònù, láyé ìgbà tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀, àfi kí obìnrin kan fọwọ́ fa wáyà, kó kì í bọ inú ihò, kó tó lè so wọ́n pọ̀. Màmá lè máa fọwọ́ ọ̀tún so èèyàn méjì kó máa fi tòsì já àwọn méjì mìíràn. Lọ́dún tó kọjá, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́ rárá. Kì í ṣe òkùnkùn ló dùn ún jù o. Ohun tó dùn ún ni pé gbogbo nǹkan ló di ohun tó gbọ́dọ̀ tọrọ. "Ata, aago mélòó ló lù?" "Ata, bá mi pe ẹ̀gbọ́n ẹ lórí fóònù." Bí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá ń bú ramúramù, mi ò ní gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, kò bi mí ní nǹkan kan mọ́, ó kàn ń jókòó. Obìnrin tó ti so ìdajì ìlú pọ̀ rí, tó wá dákẹ́ bẹ́ẹ̀! Ó dùn mí dé egungun.

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà, tí Màmá ń pè ní Àkọ́bí, ní òun ò lè máa wò ó níran. Ìlú mìíràn ló ń gbé, ọ̀gá ni níbi tí wọ́n ti ń ṣe afárá, ó sì fẹ́ràn kó ti parí ọ̀rọ̀ tán kó tó wá bi wá léèrè ohun tá a rò sí i. Ó kọ́kọ́ fi àpótí kékeré kan ránṣẹ́, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ńláńlá, tó o bá bá a sọ̀rọ̀, á dá ẹ lóhùn. Màmá jókòó tì í, ó bi í ní ìbéèrè kan péré: "Ta ló wà lẹ́yìn ẹ?" Àpótí ní ìbéèrè náà kò yé òun. Màmá fi aṣọ wé e, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì sáàrin àwọn bàtà.

"Ata, mo ti jókòó láàrin àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rí," ló sọ fún mi. "Ẹni tó bá wà láàrin ń gbọ́. Èmi náà gbọ́! Mo mọ ọkọ tó ń purọ́, mo mọ ẹni tó fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀gá ẹ̀ tó mọ̀. Àmọ́ àwọn èèyàn mọ̀ pé èmi ni mo wà níbẹ̀. Ti àpótí yìí, mi ò mọ ẹni tó jókòó sídìí ẹ."

Bí Àkọ́bí ṣe gbọ́, ó ní kò burú, òun ń bọ̀ ní Sátidé kẹta sí àsìkò yẹn láti wá gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ òun. Màmá kò fẹ́ lọ. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ń gbé láti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà, ó mọ̀ ọ́n. Ó mọ ohùn gbogbo oníbàárà mi, ó mọ ikọ́ onígbàjámọ̀ tó wà níwájú wa. Lọ́hùn-ún, yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹsẹ̀ láti oókan. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ wo ni a fẹ́ rò? Òótọ́ ni pé kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn.

Ọjọ́ kejì ni Ẹ-Wò-Ó já wọ ilé ìfọṣọ mi bí ẹni tí ajá ń lé. "Ata! Mo ti rí i!"

Kí ló rí? Ó ní àwọn èèyàn kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ gbogbo bí irú àpótí bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí wọ́n sì tú u síta fún gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni lè kà á, kó ṣe tirẹ̀, kó tún un ṣe bó ṣe wù ú, kò sẹ́ni tó máa mú un. Àwọn ohun tí wọ́n fi ń ṣe é kò wọ́n, ìdajì rẹ̀ ti wà nínú àwọn àlòkù tó kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àti pé ohun tó bá gbọ́ nínú yàrá, inú yàrá náà ló máa wà, kò ní gbé e lọ síbòmíràn.

"Ata, gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ ló wà ní ṣíṣí! O ò rí i ni? Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn!"

Mo rí i, inú mi sì dùn débi pé mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí ṣẹ́ẹ̀tì tíṣà àdúgbò wa. Ẹ jẹ́ á fi ìyẹn sílẹ̀.

Ó ní tó bá ṣiṣẹ́ fún Màmá, òun á máa ṣe é fún gbogbo àdúgbò, torí náà òun fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn èèyàn fẹ́ ẹ nílé wọn. Ló bá mú ìwé, ó ń kan ilẹ̀kùn kiri. Onígbàjámọ̀ ní, "Tí mo bá sọ̀rọ̀ nílé mi, èèyàn mẹ́fà ló ń dá mi lóhùn. Kí ni mo fẹ́ fi ẹlẹ́ẹ̀keje ṣe?" Tíṣà, tí inú ṣì ń bí sí wa, ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ilé méjìlá ló bi, mọ́kànlá ní àwọn ò fẹ́. Èmi ni ìkejìlá, àánú ló sì mú kí n ní mo fẹ́.

Ẹ rò pé ó rẹ̀ ẹ́? Rárá o. Ó ní àpótí gbọ́dọ̀ ní ohùn, ohùn mi ló sì máa lò. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń ka gbólóhùn sínú fóònù rẹ̀ láàrin aṣọ tó tutù. "Aago méje ti lù. Aago mẹ́jọ ti lù." Oníbàárà kan wọlé, ó gbọ́ tí mo ń lu aago mẹ́sàn-án fún ògiri, ó rọra gbé aṣọ rẹ̀ tí kò tíì gbẹ, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àfẹ̀mọ́jú Sátidé ló parí rẹ̀. Inú rédíò onípákó tí Màmá ti ń lò kí wọ́n tó bí mi ló kó gbogbo rẹ̀ sí. Ó kùn ún, èmi sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nù ún títí ó fi ń dán. Ó fi síkúrù mẹ́jọ dè é dan-in dan-in. Ó rẹwà! A gbé e wọ yàrá Màmá. Àkọ́bí ti dé ní tirẹ̀, ó ti gbé báàgì Màmá sínú búùtù mọ́tò, ó dúró sí àgbàlá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó ní òun fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Onígbàjámọ̀ àti tíṣà ti wá dúró sẹ́nu ọ̀nà láti dágbére.

Ẹ-Wò-Ó gbé àpótí lé itan Màmá. Màmá fọwọ́ pa iwájú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mọ rédíò rẹ̀. Ó fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn, ìka rẹ̀ kan síkúrù kan, ó kan èkejì, ẹ̀rín náà sì lọ.

"O ti dè é," ló wí.

Ó kọjú sí Ẹ-Wò-Ó.

"Gbogbo ayé lò ń sọ fún pé kí wọ́n wò ó kó o tó dè é. Ó wá kan ìyá ẹ, o ti dè é. Ṣé torí pé mi ò ríran mọ́ ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi tó lè fi wákàtí kan ṣàlàyé áyọ́ọ̀nù fún àlejò, síkúrù mẹ́jọ ló fi dí ìyá rẹ̀ lọ́nà. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde, àwa ti kó gbogbo tiwa fún ará ìta. Ojú tì mí, torí kò tiẹ̀ sọ sí èmi náà lọ́kàn. Níta, Àkọ́bí ń pariwo pé ọ̀nà jìn o.

Ẹ-Wò-Ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Mo ṣì í ṣe." Ó fa irin ìtúsíkúrù yọ lápò, ó ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ Màmá títí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fi pé. Ó wá mú ìka rẹ̀ wọnú àpótí.

"Ẹ wò ó, Màmá. Ẹnu ẹ̀ nìyí. Èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yìí ni ọpọlọ ẹ̀. Etí ẹ̀ ló wà lókè yìí."

"Wáyà tó ń gbé ọ̀rọ̀ mi jáde ńkọ́?"

"Kò sí. Àfi tẹ́ ẹ bá ní kó pe èèyàn, fóònù yín ló máa fi pè é. Wáyà etí ẹ̀ nìyí, ẹ tẹ̀ lé e dé ìdí."

Ìka Màmá tẹ̀ lé wáyà náà lọ. Nígbà tó dé ìdí rẹ̀, ó dúró. Orí irin kékeré tó wà níbẹ̀, tí wọ́n kì bọ inú ihò, irú èyí tó fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n fà ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti wá a káàkiri ọjà àlòkù láìsọ fún ẹnì kankan.

Màmá fà á yọ. "Aago mélòó ló lù?" Àpótí kò fọhùn. Ó pariwo mọ́ ọn. Kẹ́kẹ́ pa. Ó kì í bọ ihò padà. "Aago mélòó ló lù?"

"Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, Màmá."

Mo fò sókè! Onígbàjámọ̀ ní, "Yéè!"

"Ata, ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Ohùn mi ni, Màmá, èmi kọ́."

"Mo mọ̀. Èyí ní sùúrù."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà méje ló fà á yọ, ìgbà méje ló kì í padà, bí ọmọdé tó rí nǹkan ìṣeré. Lẹ́yìn náà ló na ẹ̀yìn rẹ̀ ró ṣánṣán, ohùn rẹ̀ sì yí padà, ó di ohùn kan tí mi ò gbọ́ rí láyé mi, ohùn ibi iṣẹ́.

"So mí pọ̀ mọ́ Àkọ́bí."

Níta, fóònù dún. "Hẹ́lò? Màmá? Ta ló bá yín pè mí?" A gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, láti àgbàlá àti láti inú àpótí.

"Kò sẹ́ni tó bá mi pè ọ́. Gbé báàgì mi wọlé padà."

Ó fi ọwọ́ òsì fa wáyà yọ. Àkọ́bí ṣì ń ṣe "hẹ́lò, hẹ́lò" ní àgbàlá. Nígbà tó ṣe, a gbọ́ tí ó ṣí búùtù. Báàgì ló kọ́kọ́ wọlé, òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e, kò sì sọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn mọ́.

Onígbàjámọ̀ wọlé láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ-Wò-Ó, ìwé ọjọ́sí yẹn... ṣé ó ti pẹ́ jù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe tèmi."

Màmá dáhùn kí ẹ̀gbọ́n mi tó yanu. Ó ṣì di síkúrù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ mọ́wọ́.

"Á bá ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n má gbà fún un o, má jẹ́ kó dè é kó o tó wò ó."