Ìwọ̀n Ọmọ Mi Nínú Jíìmù Àpòmù

Ní Ìkirè, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan la ti ń gbé irin. Ọ̀pá ìdí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti kú ni irin wa; garawa ọ̀dà tí wọ́n po sìmẹ́ǹtì kún ló wà létí rẹ̀ méjèèjì. Kò sẹ́ni tó mọ iye kílò tó jẹ́. Èmi mọ̀ pé ó wúwo tó ọmọbìnrin mi. Ẹni tó ni ibẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n: ó gbé ọmọ náà, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbé irin, ó ní, "Ọ̀kan náà ni." Bí ọmọ ṣe ń dàgbà, ọkùnrin náà ń po sìmẹ́ǹtì lé e lórí láìjẹ́ pé mo sọ̀rọ̀.

Àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọmọ náà kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Ẹ̀yìn mi ló ń gùn lọ sílé ìwé. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù: pé láàárọ̀ ọjọ́ kan n óò lóṣòó kó lè gùn mí, mi ò sì ní lè dìde.

Nígbà tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì, a kó lọ sí Àpòmù, nítorí ilé ìwé tó gbà á níbẹ̀ kò ní àtẹ̀gùn. Iyàrá kan la gbà. Ara ògiri ẹnu ọ̀nà wa máa ń dọ̀tí lójú kan náà. Mo kùn ún lọ́dà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì bá àwọn ọmọ ayálégbé wí.

Irin jíìmù tí mo ti wá ń gbé irin ní Àpòmù wá láti Ìbàdàn, nọ́ńbà kílò wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dára ju ti Ìkirè lọ. Mi ò kàn mọ èyí tó yẹ kí n gbé. Mo gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń ra kòkó, mo gbé e jókòó sórí ìwọ̀n.

"Kò tíì tó àpò," ni ọkùnrin tó ń wọn kòkó wí, "ṣùgbọ́n ó gbẹ dáadáa."

"Ẹ ò lè rà mí," ọmọ mi dá a lóhùn. "Bàbá mi ò ní tà."

Kílò méjìdínlógójì ni. Ohun tí mo ń gbé nìyẹn: lé èjìká, lóṣòó, dìde. Àwọn ọ̀dọ́ jíìmù ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi kún un jàre! Ìyàwó mi ń gbé jù yẹn lọ."

"Ó tó," ni mo máa ń wí.

Lẹ́yìn ọlidé gígùn, a padà síbi ìwọ̀n kòkó. Ó ti di márùndínláàádọ́ta. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo to irin tó iye yẹn, mo lóṣòó, mi ò sì lè dìde. Àwọn méjì sáré gbé e kúrò lọ́rùn mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kẹ́ ẹ gbé iye yìí?"

Mo sọ fún wọn pé ìwọ̀n ọmọ mi ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo wọ bàtà mi, mo lọ sílé. Mi ò ronú nǹkan kan lọ́nà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lóṣòó níwájú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó so mọ́ mi lẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ dìde, agogo á lù."

Mo dìde. Ó rọrùn ju irin lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí n wẹ̀yìn. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wà lára ògiri, níbi tó máa ń dọ̀tí yẹn gan-an, ó ń ti ara rẹ̀ sókè.

Ó ká ọwọ́ náà padà sí mi lọ́rùn, mo sì gbé e lọ. Ní jíìmù, mo dá irin padà sí méjìdínlógójì. Mi ò kun ògiri yẹn mọ́.