Ìrẹsì Tí Latsamy Rẹ Sílẹ̀ De Ọ̀la

"Rárá o, Àǹtí Vilay, mi ò tíì dì í tán. Aṣọ mẹ́ta ló ṣì wà nínú báàgì. Ẹ fara balẹ̀ ná, ṣebí àárọ̀ ọ̀la ni ọkọ̀ ń bọ̀."

Latsamy ló ń sọ̀rọ̀ yẹn lórí fóònù. Orí àtẹ̀gùn ilé onípákó wọn, tí wọ́n gbé sórí òpó gíga, ló jókòó sí. Ìkùukùu òwúrọ̀ ò tíì kúrò lórí odò, ọmọ ẹ̀ sì ń mu ọyàn, ó ń fẹsẹ̀ gbá a nítan bí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́.

"Aṣọ mẹ́ta!" Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ figbe ta láti Viangchan, olú ìlú wọn. "Kí lo wá ń ṣe látàná? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo bẹ̀ mí ni? Ìwọ lo ní abúlé ti sú ẹ, òórùn ẹja ti sú ẹ, kí n bá ẹ wáṣẹ́. Iṣẹ́ dé. Nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tèmi, ìwọ lo máa ṣe olórí àwọn ọmọge tó ń ránṣọ. Fáànù wà níbẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ funfun báláú. Ọdún kan péré, Latsamy! Ìyá ọkọ ẹ á bá ẹ wo ọmọ. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lábúlé yẹn?"

"Mo ti gbọ́, Àǹtí."

"Ṣé o ti jẹ ìrẹsì?"

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jẹ ẹ́ ni."

Irọ́ kọ́ ni Vilay ń pa o. Nígbà òjò tó kọjá, tí Kop ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù méjì, tó jẹ́ pé ẹkún ni lọ́sàn-án, ẹkún ni láfẹ̀mọ́júmọ́, tí ẹrẹ̀ gba gbogbo abẹ́ ilé, Latsamy pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó sì sunkún sí i létí. Ó ní òun ò mọ ibi tí òun wà mọ́, pé òun dà bí ọkọ̀ ojú omi tí okùn ẹ̀ já. Ẹ̀gbọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà. Oṣù márùn-ún ló gbà kí ọ̀nà náà tó là. Àmọ́ oṣù márùn-ún kúrò ní kékeré fún ọmọ ọwọ́! Láàárín ìgbà yẹn, ọmọ ti kọ́ ẹ̀rín, ó ti kọ́ ìjókòó, ó ti hu eyín méjì nísàlẹ̀. Àwa abiyamọ la mọ ohun tí eyín méjì lè ṣe sí èèyàn lọ́kàn.

Ọmọ náà lórúkọ gidi o, orúkọ gígùn tí àlùfáà tẹ́ńpìlì fún un. Ṣùgbọ́n Kop ni gbogbo abúlé ń pè é, ìyẹn àkèré, kí àwọn iwin má baà gbọ́ orúkọ tó dùn kí wọ́n wá gbé e lọ. Ojú ẹ̀ sì jọ ti àkèré díẹ̀, ká má parọ́.

Wọ́n jẹun àárọ̀: ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ooru, ẹja yíyan, ata gígún. Olúkálukú pẹ̀lú agbọ̀n ìrẹsì kékeré tiẹ̀ níwájú. Khamsing, ọkọ Latsamy, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó jẹun tán, ó dìde, ó mú àwọ̀n ẹja ẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò.

Ìgbà tí Latsamy ń kó abọ́ ló rí i. Agbọ̀n ìrẹsì ọkọ ẹ̀ wà nílẹ̀, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀ gbàyàù, ọmọrí ẹ̀ dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ìyá ọkọ ti rí i ṣáájú ẹ̀. "Yéè! Ta ló fi agbọ̀n ìrẹsì sílẹ̀ láìdé?"

Lábúlé yẹn, ọmọ ọdún mẹ́ta pàápàá mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá jẹun tán tí kò dé agbọ̀n, aya ẹ̀ tàbí ọkọ ẹ̀ máa kó ẹrù kúrò nílé nìyẹn.

"Khamsing ni, Màmá."

"Khamsing wo? Khamsing tèmi? Ẹni tó jẹ́ pé tó bá lọ síbi ìsìnkú, gbogbo agbọ̀n àwọn ará ibẹ̀ ló máa ń dé kiri? Ẹ̀ẹ́n! Kí ló ń ṣe ọmọ yìí?"

Latsamy yára mú ọmọrí, ó dé e. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, bẹ́ẹ̀ agbọ̀n lásán ni.

Ó kó aṣọ ọmọ, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò. Khamsing jókòó sínú ọkọ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ń tún ojú àwọ̀n ṣe. Latsamy ki aṣọ bọ omi.

"Bàbá Kop."

"Hùn."

"O ò dé agbọ̀n ẹ láàárọ̀."

"Mo mọ̀."

"O gbàgbé ni?"

Ó fa okùn kọjá, ó ta kókó, ó fi eyín já a. "Mi ò gbàgbé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé e, mo tún ṣí i. Mo wò ó pé tí mo bá dé e, á dà bí ìgbà tí mo ń dì ẹ́ mú. Ó wù ẹ́ kó o lọ. Mi ò fẹ́ kó o jókòó tì mí kó o wá máa wojú ọ̀nà."

Latsamy fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. "Ṣé ẹnu ò sí lẹ́nu ẹ ni? Agbọ̀n lo wá ń rán níṣẹ́?"

"Ẹnu mi ò mọ̀ ọ́n sọ ni."

"Jẹ́ kí Màmá gbọ́ pé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Igi ìdáná ni wọ́n máa fi lé ẹ wọ odò."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé orí wálẹ̀, ó tún wá ihò mìíràn. Latsamy náà padà sídìí aṣọ tó ń fọ̀. Omi ń gba àárín ìka ẹ̀ kọjá, ó tutù, ó ń rọra fa aṣọ ọmọ lọ bí ẹni tó ń ṣeré pẹ̀lú ẹ̀. Ó fà á padà. Omi tún fà á. Ó pẹ́ kó tó rántí pé iṣẹ́ ló wá ṣe.

Nígbà tó padà délé, ó yẹ kó di ẹrù. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ara ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ewé odò jíjẹ tí wọ́n sá sórí pákó lánàá ti gbẹ lójú kan, tí wọn ò bá yí i padà, á fọ́. Ó yí i padà. Ó wọ́n yánmọtí àti tòmátì gígé sí èyí tó tutù. Ó lọ bomi rin ẹ̀fọ́ létí odò. Ó rí i pé ẹ̀wà eléwé gígùn ti yọ òdòdó, ọ̀kan péré, aláwọ̀ àlùkò, ó kéré bí etí Kop. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn fúngbà díẹ̀. Mélòó ló máa so? Ó ń kà á lọ́kàn, láìrántí pé òun ò ní sí níbẹ̀ tó bá so.

Lọ́sàn-án, ó wọ abẹ́ ilé, níbi tí òfì ẹ̀ wà. Ó tẹ́ Kop sínú aṣọ tí wọ́n so rọ̀ bíi jangirọ́fà, ó so okùn ẹ̀ mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Bó bá ti tẹ pátákó òfì, òwú á ṣí, ọmọ á sì fì lọ. Bó bá ti gbẹ́sẹ̀, òwú á padé, ọmọ á fì bọ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Kà-tà, kà-tà. Oòrùn ń gba àárín pákó òkè wọlé, ó ń kọ ilà sórí ojú ọmọ. Adìyẹ kan ń wa ilẹ̀. Lókè, Màmá ń gún ata, bó ṣe ń gún un ṣe wẹ́kú pẹ̀lú òfì láìṣe pé ẹnì kankan bá ẹnì kankan sọ ọ́. Ẹ gbọ́, ṣé oorun ni Latsamy ń sùn ni, àbí ó lajú? Òun alára ò lè sọ. Ọwọ́ ẹ̀ ń ti òwú kọjá, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń fi ọmọ, ọkàn ẹ̀ sì wà láàárín méjèèjì, ó rọ̀ pẹ̀sẹ̀, kò fì sọ́tùn-ún, kò fì sósì.

"Ìyàwó Viangchan!"

Ìyá Tou ni, aládùúgbò wọn, ó wá tọrọ ata. Ẹlẹ́nu ni.

"Ẹ káàsán, Ìyá Tou."

"Òfì lo tún jókòó sí? Mo rò pé o ti ń fi páńkẹ́ẹ̀kì palẹ̀ ojú mọ́. Tó o bá débẹ̀, má gbàgbé wa o. A gbọ́ pé àwọn tó bá pẹ́ níbẹ̀, ṣíbí ni wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Ìyá Tou!"

"Ìwọ ṣáà máa ṣe é. Tó o bá padà dé, wàá máa fi ọwọ́ bo imú tó o bá rí ẹja kíkan. Kop á sì máa pè ẹ́ ní Àǹtí." Ó rẹ́rìn-ín, ó bu ata tiẹ̀, ó lọ.

Kop á máa pè ẹ́ ní Àǹtí. Ọ̀rọ̀ àwàdà ni, ṣùgbọ́n òfì dúró. Bí òfì ṣe dúró ni jangirọ́fà dúró, ọmọ sì lajú. Ó wo òkè, ó rí ìyá ẹ̀, ó ya ẹnu, eyín méjì yọ. Latsamy tún tẹ pátákó.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀ sẹ́yìn òkè, tí odò ti pọ́n bí epo, Latsamy gbé garawa, ó lọ sídìí àpò ìrẹsì. Ìrẹsì wọn, àfi kí wọ́n rẹ ẹ́ sómi láti ìrọ̀lẹ́ kó tó ṣeé sè láàárọ̀. Ó gbé Kop sí ìbàdí, ó ń kọrin kan tí kò ní ọ̀rọ̀ fún un. Ó bu agolo kan, ó bu ìkejì, ó bu ìkẹta, ó bu ìkẹrin. Ó da omi sí i. Ó fi ọwọ́ rò ó, omi funfun bíi wàrà, ó dà á nù, ó bu òmíràn sí i.

Màmá dé, ó bojú wo garawa. "Agolo mélòó nìyẹn?"

"Mẹ́rin, Màmá. Bíi ti tẹ́lẹ̀."

"Mẹ́rin." Ó káwọ́ lérí. "Tèmi ọ̀kan. Ti Khamsing ọ̀kan. Ti àwọn àlùfáà tó ń gba sàárà kọjá ọ̀kan. Ta ló wá ni ìkẹrin? Ọkọ̀ ṣáà máa gbé ẹ kí ìrẹsì tó gbóná."

Latsamy wo inú omi. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti bu agolo kan jáde, ṣùgbọ́n ibo ló fẹ́ dà á sí? Ó ti rin. Tó bá dà á padà sápò, gbogbo àpò ló máa bu. Ọwọ́ ẹ̀ wá dúró síbẹ̀ nínú omi, hóró ìrẹsì rọra ń jókòó lé e lórí. Látàárọ̀ ló ti ń wá ìdáhùn kiri nínú orí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ẹ̀ ti dáhùn tipẹ́tipẹ́. Ara ẹ̀ fúyẹ́. Kò tiẹ̀ mọ ìgbà tí omijé bọ́.

"Mi ò lọ mọ́, Màmá."

"Mo ti rí i. Ojú mi ò tíì fọ́." Màmá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi ìdí aṣọ nu nǹkan kan lójú. "Èéfín yìí mà pọ̀ o. Tètè pe ẹ̀gbọ́n ẹ, kó má lọ ra ẹní dè ẹ́."

Ó pè é. Vilay bú u fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta láìmí. Ó pè é ní olórí kunkun, ó pè é ní ọmọ ẹja. Ó wá dẹ ohùn.

"Àbí ọkọ ẹ ló ní kó o má wá?"

"Rárá, Àǹtí. Òun tiẹ̀ ní kí n lọ. Ibí yìí ló wù mí. Mi ò kàn mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni."

"Ìgbà wo lo wá mọ̀ ọ́n?"

"Ní báyìí."

Vilay kọ́kọ́ pòṣé, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á wá síbẹ̀ nígbà ọdún, kí wọ́n hun aṣọ kan pamọ́ dè òun, èyí tó dáa, tí òun lè gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Màmá ti tẹ́ oúnjẹ. "Ọkọ ẹ dà?"

"Ó ṣì wà lódò."

"Àwọ̀n yẹn náà? Ihò wo ló kù níbẹ̀? Tó bá tún un ṣe díẹ̀ sí i, ó ti di aṣọ nìyẹn. Lọ pè é."

Latsamy gbé Kop, ó dúró sórí bèbè. Khamsing wà nísàlẹ̀, ó kẹ́yìn sílé, àwọ̀n wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, kò tiẹ̀ ṣe nǹkan kan sí i mọ́, omi ló ń wò. Kop na ọwọ́ síhà odò, ó ń ké bà-bà-bà.

"Bàbá Kop!" Latsamy pariwo. "Ìrẹsì ti wà nílẹ̀, mo sì ti rẹ ti ọ̀la, tìẹ tèmi! Ẹja ń tutù o! Máa bọ̀, wá jẹun!"